Orúkọ Ọkọ àti Ìyàwó Lára Ògiri: Àlàyé Lórí Iná Góbò

Níbi ìgbéyàwó l'Óṣogbo lónìí, kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ kí orúkọ ọkọ àti ìyàwó hàn lára ògiri ẹ̀yìn àga wọn, tàbí kí ewé àti òdòdó tàn káàkiri ilẹ̀ ijó, láìsí pé ẹnikẹ́ni kun ọ̀dà, láìsí aṣọ kankan tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Iná ló ń ṣe é. Àmọ́ irú iná tó ń ṣe é kò yé ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń náwó, kò sì yé àwọn kan nínú àwọn tó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè san owó iná tó pọ̀, kó wá di ọjọ́ ìnáwó, kí ohun tó jáde jẹ́ àbàwọ́n funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gílóòbù ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi: "Iná yìí ò lágbára." Kì í sábà jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé iná tí kò ní lẹ́ńsì tó ń pa àwòrán pọ̀ ni wọ́n gbé wá. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n gé kò ṣeé gé bí wọ́n ṣe yà á. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí òkùnkùn níbi tí wọ́n tan iná náà sí. Òkùnkùn yìí ni èèyàn kì í ṣètò fún, àìsí rẹ̀ ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Àwo kékeré, àwòrán ńlá

Góbò jẹ́ àwo pẹlẹbẹ róbótó kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n gé àwòrán tàbí lẹ́tà sí. Inú iná ló ń wọ̀, láàárín gílóòbù àti lẹ́ńsì. Ibi tí wọ́n gé lu ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ibi tí irin bò, ìmọ́lẹ̀ kò lè kọjá níbẹ̀. Lẹ́ńsì iwájú á gba ohun tó kọjá, á sọ ọ́ di ńlá, á sì pa á pọ̀ sójú kan lára ògiri. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi páànù gígé ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: ojú ihò páànù ni ẹ̀kọ ń gbà dé ara aṣọ, ibi tí páànù bò ni ẹ̀kọ kì í dé. Ìmọ́lẹ̀ ló wà nípò ẹ̀kọ níbí, ògiri ló wà nípò aṣọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ti ìtóbi. Góbò tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n B fẹ̀ ní mílímítà 86, àwòrán inú rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bíi mílímítà 64 lọ. Bí ẹ bá sọ mílímítà 64 yẹn di mítà 3 lára ògiri, ẹ ti sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po bíi 47. Àmì tó jẹ́ ìdajì mílímítà péré lórí góbò á di sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀ lára ògiri. Ohun tó dára nìyẹn fún òdòdó yín. Kò dára fún ojú ìka tó dọ̀tí, eruku ọyẹ́, tàbí etí lẹ́tà tí wọn kò gé dán, nítorí àwọn náà á tóbi ní ìlọ́po 47.

Ìwọ̀n mìíràn wà. A fẹ̀ ní mílímítà 100, M fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 66, E sì kéré gan-an, mílímítà 37 àti ààbọ̀. Góbò ìwọ̀n kan kì í wọ ilé ìwọ̀n mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé góbò fún yín kí ẹ tó mọ orúkọ iná náà gan-an àti ìwọ̀n tó ń gbà. Iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ èèyàn méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ ló sábà ń fa kí wọ́n máa fi àlùmọ́gàjí gé etí góbò ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Iná wo ni iná góbò, èwo ni kì í ṣe é?

Ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ jù lọ níbí. Iná par, èyí tí àwọn DJ àti àwọn tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n máa ń tò sí ìdí ògiri láti fi sọ ọ́ di búlúù tàbí elésè àlùkò, kò lè gbé àwòrán jáde láéláé. Kò sí lẹ́ńsì tó ń pa àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Ńṣe ló kàn ń da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ gé páànù tó dára jù lọ láyé tí ẹ fi bo iwájú rẹ̀, òjìji tí kò létí ni yóò jáde. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun á fi par kọ orúkọ ìyàwó, ẹ tètè wá ẹlòmíràn.

Moving head, iná tó ń yí orí káàkiri, ní góbò nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríṣi wọn yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní beam wà fún títa ìmọ́lẹ̀ tínrín tó ń rìn jìnnà nínú èéfín. Góbò inú rẹ̀ kéré, láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ìràwọ̀, àmì tótòtó àti ìlà sí i, kò sì wà fún orúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní spot tàbí profile ló lè gba góbò tí ẹ fúnra yín gé, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú bá tú u. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ yá yín ni pé: ṣé góbò rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ìwọ̀n mélòó ló sì ń gbà? Bí kò bá mọ ìdáhùn, ó jọ pé kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Pirojẹ́tọ̀ tí wọ́n fi ń wo fíìmù náà lè gbé orúkọ sára ògiri, ó tún lè mú kó máa rìn. Àléébù rẹ̀ ni pé dúdú rẹ̀ kì í dúdú tán. Yí orúkọ náà ká, ẹ máa rí àpótí onígun mẹ́rin kan tó ń tàn féérú féérú, ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn. Góbò kò ní àpótí yẹn: ibi tí irin wà, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn nìkan tó ìdí láti yan góbò tó bá jẹ́ orúkọ àti òdòdó tí kò ní rìn ni ẹ fẹ́.

Iná tó wà fún iṣẹ́ yìí gan-an ni profile, iná gígùn tó ní ibi tí wọ́n ń ki góbò bọ̀ láàárín, tó ní ewé irin mẹ́rin tí wọ́n fi ń gé etí ìmọ́lẹ̀, tó sì ní ọ̀pá lẹ́ńsì tó ń lọ síwájú sẹ́yìn níwájú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Source Four tí ilé-iṣẹ́ ETC ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1992. Ti àtijọ́ ń lo halogen, gílóòbù tó ń gbóná gan-an, oní wáàtì 575 tàbí 750. Àwọn tuntun ń lo LED. Àwọn kékeré tún wà tí wọ́n ń tà fún iwájú ṣọ́ọ̀bù, oní wáàtì 20 sí 80, tó ń gbé àmì ilé ìtajà sára ilẹ̀. Wọ́n dára nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí àwòrán kò ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí iná tàn sí, wọ́n kò lè dé ibì kankan.

Irin, gíláàsì, tàbí ọ̀rá?

Góbò irin ló wọ́pọ̀ jù. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n ń lò, ó tínrín gan-an, ó sì lè fara da ooru halogen fún wákàtí púpọ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé jáde, àwọ̀ iná fúnra rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fi ọ̀rá aláwọ̀ sí iwájú lẹ́ńsì. Góbò gíláàsì lè ní àwọ̀ púpọ̀ àti ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì lè gbé àwòrán tí irin kò lè gbé, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù, ó sì ń fọ́. Ooru ló ń fọ́ ọ jù. Tí wọ́n bá fọwọ́ tútù tàbí aṣọ tó tutù kàn án nígbà tó ṣì gbóná, ó lè là. Ojú tó ń dán bíi dígí lára rẹ̀ ló ń kọjú sí gílóòbù, kí ooru lè ta padà.

Ọ̀rá títẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ àwòrán sí, ni olówó pọ́ọ́kú. LED nìkan ni kí ẹ fi í sí, àti LED tí kò gbóná jù. Nínú halogen, yóò ká, yóò yọ́, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Àní nínú LED, dúdú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ kì í ki tó, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ kọjá lára rẹ̀, orúkọ náà á wá dà bí ẹni pé ó wà nínú kurukuru. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn gẹ́gẹ́, ó máa ń sàn. Fún àwòrán ewé tàbí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n káàkiri ilẹ̀, tí kò ní lẹ́tà, ìsàlẹ̀ abọ́ fọ́ìlì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì nílé ìnáwó tó: ẹ gé e róbótó, ẹ fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó la ihò sí i bó ṣe wù yín. Ẹ má fi kọ orúkọ. Kò lè dúró pẹrẹsẹ, lẹ́tà rẹ̀ á wọ́.

Orúkọ Yorùbá lórí irin

Apá yìí ni ìwé àlàyé tó ń bá iná wá kì í sọ, torí àwọn tó kọ ọ́ kò kọ orúkọ bíi tiwa. Ẹ wo lẹ́tà O. Tí ẹ bá gé e lára irin, àárín rẹ̀ á já bọ́, ẹ máa wá ní ihò róbótó kan lásán. Bákan náà ni A, B, D, P àti R, àti a, b, d, e, o, p kékeré. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi okùn irin tínrín kan tàbí méjì sílẹ̀ láti so àárín náà mọ́ ìta, bí àwọn tó ń gé páànù àdìrẹ náà ṣe ń ṣe. Okùn yìí á hàn lára ògiri bí ìlà dúdú tó gé lẹ́tà kọjá. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọṣẹ́ á tò wọ́n sí apá kan náà lára gbogbo lẹ́tà, á dà bí ọnà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tò wọ́n bó ṣe rí, á dà bí ẹni pé lẹ́tà náà fọ́.

Àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn rọrùn lórí irin, nítorí ihò lásán ni wọ́n. Ewu tiwọn ni kíkéré. Bí orúkọ bá gùn, tí wọ́n fún un pọ̀ láti wọ inú mílímítà 64, àmì abẹ́ lè kéré débi pé ẹ̀rọ kò ní lè gé e mọ́, tàbí kó sún mọ́ lẹ́tà jù tí méjèèjì á fi wọnú ara wọn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń yà á pé kí àmì náà má ṣe kéré ju ìdajì mílímítà lọ lórí góbò, kí irin tó wà láàárín rẹ̀ àti lẹ́tà náà má sì dín ju ìyẹn. Orúkọ méjì gígùn lórí ìlà kan kì í dára; ẹ kọ ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, kí àmì "àti" wà láàárín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ méjèèjì nínú òdòdó róbótó ló ń dára jù fún irin, ó tóbi, ó sì rọrùn láti kà láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Àwọn kan máa ń béèrè fún òdì rẹ̀: kí gbogbo ilẹ̀ àwòrán náà tàn, kí orúkọ jẹ́ dúdú láàárín. Irin kò lè ṣe é láìsí wàhálà. Odindi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àti àmì abẹ́ kọ̀ọ̀kan, á di erékùṣù tí okùn gbọ́dọ̀ dì mú. Gíláàsì ni kí ẹ lò fún irú ẹ̀.

Fáìlì tí ẹ máa fún agégóbò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìlà yà, bíi SVG, PDF tàbí CDR, kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́. Dúdú àti funfun nìkan. Kò sí eérú láàárín, irin kò mọ eérú. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di ìlà: nínú CorelDRAW tí àwọn atẹ̀wé máa ń lò, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tẹ Ctrl àti Q. Ẹni tí kò bá ṣe èyí máa rí i pé kọ̀ǹpútà ẹni kejì kò ní irú lẹ́tà tó lò, ó sì fi òmíràn dípò. Ṣ á di S, àmì ohùn á fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ lọ bá èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán bó ṣe máa rí ránṣẹ́ padà, kí ẹnì kan nínú ẹbí tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà kà á, kí wọ́n tó gé e. Irin tí wọ́n ti gé kò ṣeé pa rẹ́.

Báwo ló ṣe máa tóbi tó?

Igun tí lẹ́ńsì fi ń tan ìmọ́lẹ̀ ká ló ń sọ ọ́, kì í ṣe wáàtì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀: 19, 26, 36, 50 dígírì. Ẹ wọn iye mítà láti iná dé ògiri, kí ẹ fi ìlọ́po yìí sọ ọ́ di fífẹ̀ àwòrán: 0.33 fún lẹ́ńsì 19, 0.46 fún 26, 0.65 fún 36, 0.93 fún 50. Nítorí náà, bí iná bá wà ní mítà 6 sí ògiri, lẹ́ńsì 19 á fún yín ní róbótó mítà 2, lẹ́ńsì 26 á fún yín ní mítà 2.8, lẹ́ńsì 36 ní mítà 3.9, lẹ́ńsì 50 ní mítà 5.6. Ìyẹn ni fífẹ̀ gbogbo ojú ìmọ́lẹ̀; orúkọ inú rẹ̀ á kéré jù ú lọ díẹ̀. Lẹ́ńsì 26 àti 36 ló ń bá gbọ̀ngàn tiwa mu jù. Ẹni tó gbé lẹ́ńsì 50 wá nítorí ó fẹ́ kó tóbi ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣòfò: tí fífẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú kọ̀ọ̀kan á di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Òkùnkùn

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Lúmẹ́nì ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tú jáde, lux ni wọ́n fi ń wọn èyí tó dé ojú ibì kan. Ká ní iná yín ń tú lúmẹ́nì 6,000 jáde, tí àwòrán sì fẹ̀ ní mítà 3. Ojú tí ìmọ́lẹ̀ náà bò fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 7. Ohun tó dé ibẹ̀ á jẹ́ bíi lux 850. Tí ẹ bá sọ àwòrán di mítà 6, ó di bíi lux 210. Gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ tàn máa ń wà ní nǹkan bíi lux 200 sí 500. Oòrùn ọ̀sán gangan níta ń sún mọ́ lux 100,000. Ẹ fi wé ara wọn. Nínú gbọ̀ngàn tó tàn, àwòrán mítà 3 á hàn, ṣùgbọ́n á ṣe bàìbàì. Àwòrán mítà 6 á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Níta lọ́sàn-án, lábẹ́ kánọ́pì, kò sí iná tí wọ́n ń yá ní ìlú yìí tó lè bá oòrùn du ojú ògiri.

Ìdáná àárọ̀ kúkú kò nílò rẹ̀. Àlejò tó jókòó sí ìta gbangba ní agogo mẹ́wàá, tí alága ìjókòó àti alága ìdúró ń gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn, kò ní rí i. Ìnáwó ọ̀sán nínú gbọ̀ngàn ló ṣòro, torí fèrèsé gbọ̀ngàn ńlá sábà máa ń pọ̀, aṣọ ìkélé wọn sì máa ń jẹ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí oòrùn ń gbà kọjá. Ẹ lọ wo gbọ̀ngàn náà ní wákàtí kan náà tí ẹ máa ṣe ìnáwó, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ mọ ògiri tí oòrùn ń kọjú sí. Ní ìrọ̀lẹ́ níta, ẹ má ṣe retí nǹkan kan kí oòrùn tó wọ̀, ìyẹn láàárín agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí agogo méje bí oṣù bá ṣe rí. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí ni yóò tó ṣókùnkùn dáadáa.

Àwọn iná mìíràn ló kù. Par tí ẹni tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n tò sí ìdí ògiri yẹn gan-an, iná POP òkè, àti pátákó LED ńlá tó ń tan fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ àti ìyàwó: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pa góbò. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n, DJ, àti ẹni tó ni pátákó LED jọ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sọ pé ògiri báyìí ni ti orúkọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná sí i. Kí ẹ sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́tìnnì iná gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ni kì í sí nítòsí nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá ń wọlé.

Ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí

Funfun tí kò dán ló dára jù: ògiri tí wọ́n kun, aṣọ tí wọ́n fà le. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ pọ́npọ́n máa ń gé lẹ́tà sí wẹ́wẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fa àárín rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ṣíṣẹ́ wà lápá ọ̀tún àti òsì. Táìlì ilẹ̀ tó ń dán ṣòro ju bí ó ṣe yẹ lọ, torí ó ń ta ìmọ́lẹ̀ lọ sápá kejì, ẹni tó dúró síbì kan á rí orúkọ, ẹni tó dúró síbòmíràn á rí kìkì ìdán. Bí ilẹ̀ ni ẹ bá fẹ́ lò, ẹ tẹ́ ọ̀rá funfun tí kò dán sí i.

Nípa ilẹ̀ náà, a ní èrò kan tí ẹ lè má fara mọ́. Ní ìnáwó tiwa, ilẹ̀ ijó kì í ṣófo. Tí ọkọ àti ìyàwó bá ti wọlé, tí ẹbí ti gbé aṣọ ẹbí dìde láti ná owó sí wọn lórí, àwòrán ilẹ̀ ti di bátà àti náírà. Ẹ tan ti ilẹ̀ fún ìwọlé wọn nìkan, kí ẹ fi góbò tó dára jù sára ògiri ẹ̀yìn àga, níbi tí yóò wà nínú gbogbo fọ́tò títí ìnáwó á fi parí. Tó bá jẹ́ pé iná kan ṣoṣo ni owó yín tó, ògiri ni.

Bí iná bá kọjú sí ògiri láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti òkè, róbótó á di gbọgbọrọ. Ní igun 30 dígírì, ó ń gùn ní bíi 1.15, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ní igun 45, ó ti di 1.4, gbogbo ènìyàn á fura, apá kan lẹ́tà á sì ṣe bàìbàì nígbà tí apá kejì mọ́ kedere. Ẹ gbé e síwájú ògiri gangan bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, lórí ìdúró tó ga ní mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí orí àwọn èèyàn má bàa dí i. Ẹ fi àpò iyanrìn tẹ ẹsẹ̀ ìdúró náà, ẹ fi okùn irin ààbò so iná mọ́ ọn. Má ṣe gbé e kọ́ ọ̀pá kánọ́pì láé. Atẹ́gùn òjò kan ti tó.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Lẹ́ńsì ń dojú àwòrán dé, ó ń gbé òkè sí ìsàlẹ̀ àti ọ̀tún sí òsì. Ẹ dúró sẹ́yìn iná, kí ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ gbé góbò síwájú yín bí ẹ ṣe lè kà á geerege. Ẹ wá yí i po bí ọwọ́ aago títí orí rẹ̀ á fi wà nísàlẹ̀, láìjẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kó wọlé. Tí orúkọ bá jáde bí èyí tí wọ́n ń kà nínú dígí, ẹ̀yìn góbò lẹ fi síwájú. Tó bá dojú dé, ẹ gbàgbé láti yí i po. Bí ẹ̀yìn aṣọ ni iná wà, tí àwọn èèyàn ń wò ó láti iwájú aṣọ, ẹ kàn yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú.

Ẹ tan iná, kí ẹ ti ọ̀pá lẹ́ńsì síwájú sẹ́yìn títí etí lẹ́tà á fi mú. Etí ewé irin mẹ́rin yẹn àti góbò kò sí ní ojú kan náà, torí náà wọn kì í mú lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí etí lẹ́tà bá ní àwọ̀ òṣùmàrè tàbí ó ń tan yọ, àwo irin dúdú kan tó ní ihò róbótó láàárín, níwájú lẹ́ńsì, á mú kó dán mọ́rán, ṣùgbọ́n á jẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Èéfín tí DJ ń tú dára fún òdòdó àti ewé, ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ hàn nínú afẹ́fẹ́. Ó ń ba orúkọ jẹ́. Kí ó tú u lẹ́yìn ìwọlé.

Iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀

Profile halogen oní wáàtì 575 ń fa bíi áńpù 2.5 ní fólítì 230. Ẹyọ mẹ́rin á fa áńpù 10. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ju bíi wáàtì 650 lọ, iná kan yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Ẹ má ṣe so mọ́ èyí tí DJ ń lò. LED oní wáàtì 150 rọrùn jù lọ́pọ̀lọpọ̀. Tí fólítì bá lọ sílẹ̀, halogen á ṣe bàìbàì, á sì pọ́n bíi pupa ẹyin. LED lè máa ṣẹ́jú.

Ohun kan tí àwọn tó yá moving head kì í sọ fún oníbàárà wọn: àwọn tó ń lo gílóòbù gáàsì, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní 7R, kò ní tún tàn lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ. Bí IBEDC bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, gbogbo nǹkan mìíràn á padà, àmọ́ gílóòbù yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìṣẹ́jú yẹn lè jẹ́ ti ìwọlé ọkọ àti ìyàwó. Ẹ so iná tó ń gbé orúkọ jáde mọ́ jẹnẹrétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ lo LED. Ẹ sì tú wáyà tí wọ́n ká jọ sílẹ̀ tán kí ẹ tó tan iná ńlá lórí rẹ̀. Èyí tó wà ní kíká máa ń gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́.

Afọ́tò

Fláàṣì ń pa góbò. Ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, fọ́tò á sì jáde tí ògiri funfun báláú. Ẹ sọ fún afọ́tò tẹ́lẹ̀ kó ya díẹ̀ láìsí fláàṣì, tàbí kó darí fláàṣì sí ojú àwọn èèyàn nìkan kó má dé ògiri. Afídíò tó rí ìlà dúdú tó ń rìn lórí àwòrán LED lè fi ṣọ́tà sí 1/50, kó tún dán òmíràn wò; bí LED kan ṣe ń ṣẹ́jú yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, àárọ̀ ọjọ́ náà sì ni àkókò rẹ̀, kí àga tó kún.

Bí ìnáwó bá parí, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ìdajì wákàtí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan góbò. Irin halogen ń gbóná débi tó lè bó èèyàn lọ́wọ́. Góbò irin lè wọ àpòòwé lásán. Ti gíláàsì, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé e. Ẹni tó sanwó gígé ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó yá yín ní iná, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé náà: B, 86.